Bí Pílásímà Ṣe Ń Tún Ojú Okùn Gíláàsì Ṣe

Fáíbà, ìyẹn okùn gíláàsì tí wọ́n fi rẹ́sínì (oje kẹ́míkà tó máa ń le gbagidi) so pọ̀, ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó. Bí ọ̀kan bá kọlu òpó èbúté, tí etí rẹ̀ sì fọ́, ẹni tó bá tẹjú mọ́ ibẹ̀ á rí okùn funfun wẹ́wẹ́ tó yọ síta. Bí wọ́n bá ń dán, tí rẹ́sínì kankan kò lẹ̀ mọ́ wọn, a jẹ́ pé okùn ti yọ bọ́rọ́ bí abẹ́rẹ́ inú ẹ̀kọ. Bí rẹ́sínì bá ṣì rọ̀ mọ́ wọn, àsopọ̀ náà dára. Ojúkò tí gíláàsì àti rẹ́sínì ti pàdé yìí ni pílásímà ń tún ṣe.

Gíláàsì yíyọ́ tó gbóná ju 1,200°C lọ ni wọ́n ń fà gba ihò kéékèèké títí yóò fi di okùn tó tín-ín-rín ju irun orí. Ojú rẹ̀ máa ń fa omi àti ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ mọ́ra, èyí ni kì í jẹ́ kí rẹ́sínì dì í mú. Ilé iṣẹ́ sábà máa ń fi sílénì, kẹ́míkà tó ń so gíláàsì mọ́ rẹ́sínì, kùn ún kí wọ́n tó kó o jáde.

Pílásímà (kì í ṣe ti inú ẹ̀jẹ̀ o) ni gáàsì tí iná mànàmáná ti já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára díẹ̀ nínú àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀. Irving Langmuir, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1928. Wọ́n á kó okùn sínú àgbá, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á tú gáàsì díẹ̀ sí i, wọ́n á sì tan iná mànàmáná sí i títí gáàsì náà yóò fi máa tàn yòò. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbóná kọjá sísọ, síbẹ̀ okùn kì í yọ́: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fúyẹ́ débi pé bí wọ́n ṣe ń kọlu átọ́ọ̀mù dà bí ìgbà tí a ń ju gúgúrú lu ògiri.

Bí gáàsì náà bá jẹ́ ọ́síjìn, yóò sọ ìdọ̀tí di èéfín tí ẹ̀rọ ń fà jáde, yóò sì fi ọ́síjìn òun háídírójìn tó so pọ̀ sílẹ̀ lójú gíláàsì, èyí tí sílénì lè dì mú. Bí wọ́n bá lo oru sílénì dípò rẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ju nánómítà díẹ̀ lọ (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà) lè bo okùn náà.

Àṣejù ni ewu ibẹ̀, nítorí pílásímà tó bá pẹ́ jù á họ ojú okùn, okùn náà á sì máa tètè já. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí èyí tí wọ́n fi ọ́síjìn tọ́jú pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó kì í bọ sílénì tàbí rẹ́sínì, torí ìdọ̀tí á tún padà bò ó.