Mo Pààrọ̀ Páásíwọ̀ọ̀dù, Olè Tún Wọlé: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àkáǹtì Géèmù Tí Wọ́n Jí

Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní yunifásítì kọ̀wé sí mi lóru ọjọ́ kan. Àkáǹtì rẹ̀ lórí Steam, ibi tí wọ́n ti ń ra géèmù kọ̀ǹpútà, tó ti ń lò láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, bọ́ sọ́wọ́ olè. Ó rí i gbà padà, ó pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù, ó lọ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, olè ti tún wọlé, ó sì ti kó àwọn ọ̀ṣọ́ ìbọn tó ń fi owó oúnjẹ rà díẹ̀díẹ̀ nínú géèmù Counter-Strike 2 lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí mo mọ ohun tí owó bẹ́ẹ̀ ń ná akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ohun tó bi mí àti èsì tí mo fún un nìyí. Steam ni a sọ̀rọ̀ lé jù, àmọ́ ẹni tó ń gbá eFootball, Call of Duty Mobile tàbí Roblox náà yóò rí tirẹ̀ mú níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù. Kí ló dé tí olè ṣì ń wọlé?

Páásíwọ̀ọ̀dù kọ́ ló fi ń wọlé mọ́, àbúrò. Bí olè bá wọ ilé, tí onílé pààrọ̀ àgádágodo ẹnu ọ̀nà, ṣé ó ti wo fèrèsé? Ṣé ó ti wo inú àjà bóyá olè náà ṣì wà níbẹ̀?

Fèrèsé àkọ́kọ́ ni ímeèlì rẹ. Ẹni tó bá ní ímeèlì tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì ló ni àkáǹtì, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí bí èèyàn bá ní òun ti gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù. O lè pààrọ̀ ti géèmù nígbà ogún; bí olè bá ti jókòó sínú ímeèlì, yóò ní òun ti gbàgbé, yóò gba líǹkì tuntun, yóò sì pa lẹ́tà náà rẹ́ kí o tó jí. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú tún máa ń fi asẹ́ (filter) síbẹ̀: lẹ́tà èyíkéyìí tó bá ti ọ̀dọ̀ Steam wá á gba ọ̀dọ̀ wọn lọ, ìwọ kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọ̀wé sí ọ.

Ìkejì ni ohun tí wọ́n ń pè ní cookie. Bí o bá wọlé sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì kan, bùráúsà rẹ á tọ́jú ẹ̀rí kékeré kan pé ẹni yìí ti wọlé, ẹ má bi í léèrè mọ́. Òun ni kì í jẹ́ kí o tẹ páásíwọ̀ọ̀dù ní gbogbo ìgbà. Àwọn áàpù olè wà, bíi RedLine àti Lumma, tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n wọ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kó gbogbo cookie àti páásíwọ̀ọ̀dù tó wà nínú bùráúsà, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó rán wọn. Ẹni tó bá ní cookie rẹ lọ́wọ́ kò nílò páásíwọ̀ọ̀dù, kò sì nílò kóòdù orí fóònù, nítorí lójú Steam, ìwọ ni. Inú géèmù olówó tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ni irú áàpù yìí máa ń fara pamọ́ sí, àti inú àwọn "cheat" tí wọ́n ní ó máa ń bá èèyàn yìnbọn láìtàsé. Bí o bá ti fi èyíkéyìí sórí kọ̀ǹpútà rẹ láìpẹ́ yìí, sọ òótọ́ fún ara rẹ.

Ìkẹta jẹ́ ti Steam nìkan. Ojú ewé kan wà tí àwọn tó ń kọ áàpù ti ń gba kọ́kọ́rọ́ tó ń jẹ́ API key. Ọ̀pọ̀ àwa tí a ń gbá géèmù kò débẹ̀ rí. Olè á wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, á gba kọ́kọ́rọ́ yẹn sápò, á lọ. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ, á rí i, á fagi lé e, á sì fi òmíràn rọ́pò pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán tó jọ ti ọ̀rẹ́ rẹ gẹ́lẹ́. Ọwọ́ ara rẹ lo máa fi fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n mi ò fún ẹnikẹ́ni ní páásíwọ̀ọ̀dù. Ìbò lásán ni mo bá ẹgbẹ́ géèmù ọ̀rẹ́ mi kan dì.

Ibẹ̀ gan-an ni. Ọ̀rẹ́ rẹ kọ́ ló bá ọ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti gba àkáǹtì tirẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Líǹkì náà gbé ọ lọ síbi tí wọ́n ti ní kí o fi Steam wọlé kí o tó dìbò. Fèrèsé kékeré kan yọ, àdírẹ́sì Steam gan-an lo rí lókè rẹ̀, o tẹ páásíwọ̀ọ̀dù, o tẹ kóòdù orí fóònù. Àwòrán ni gbogbo rẹ̀. Group-IB, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n yìí mú àwọn oní-Steam ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Kò sí fèrèsé tuntun tó ṣí rárá: inú ojú ewé tiwọn ni wọ́n ya fèrèsé sí, wọ́n sì ya àdírẹ́sì sí i lórí. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, fi mouse mú fèrèsé kékeré náà, kí o wọ́ ọ kọjá etí bùráúsà. Ojúlówó á tẹ̀ lé ọ jáde, ayédèrú á há sétí.

Èyí tó tún wọ́pọ̀ ni ti ẹni tó máa bá ọ lórí Discord, áàpù tí àwọn tó ń gbá géèmù fi ń sọ̀rọ̀, pé òun ṣèèṣì fẹjọ́ rẹ sun Steam, kí o tètè bá "òṣìṣẹ́ Valve" (ilé iṣẹ́ tó ni Steam) kan sọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà ti àkáǹtì rẹ pa. Òṣìṣẹ́ Valve kì í wá èèyàn wá sórí Discord nítorí àkáǹtì. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn.

Má sì pe ara rẹ ní ọ̀dẹ̀, bí o ṣe kọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ. Valve fúnra wọn sọ ní ìparí ọdún 2015 pé nǹkan bí 77,000 àkáǹtì ni àwọn olè ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníǹkan lóṣooṣù. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò tẹ líǹkì kankan. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, EA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù FIFA nígbà náà, jẹ́wọ́ pé àwọn olè gba àkáǹtì FIFA àwọn òǹtajà ńlá kan, tí wọn kò tó 50, nítorí pé àwọn olè náà fi ọ̀rọ̀ dídùn àti ìhàlẹ̀ bá àwọn òṣìṣẹ́ EA tó ń dá oníbàárà lóhùn jà títí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kí ni oní-àkáǹtì ìbá ṣe sí ìyẹn?

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe báyìí?

Pa kọ̀ǹpútà yẹn ná. Fóònù rẹ ni kí o lò, kí o sì wà níbi tí o ti sábà máa ń wọlé, nítorí Google, tó ni Gmail, máa ń wo ẹ̀rọ àti ibi tó ti mọ̀ ọ́ mọ́.

Ímeèlì ni kí o kọ́kọ́ gbà, kì í ṣe Steam. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é lódì, ìdí nìyẹn tí olè fi ń padà. Bí ó bá ti yí nọ́ńbà àti ímeèlì ìgbàpadà rẹ lórí Google, ààyè kékeré kan ṣì wà: Google ṣì lè fi kóòdù ránṣẹ́ sí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ọjọ́ méje. g.co/recover ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ti Microsoft, tí Minecraft àti Xbox ń gbára lé, gùn jù bẹ́ẹ̀: bí ẹnì kan bá pààrọ̀ gbogbo ẹ̀rí ìdánimọ̀ tó wà lórí àkáǹtì, ọgbọ̀n ọjọ́ ni yóò fi dúró kó tó fìdí múlẹ̀, oníǹkan sì lè fagi lé e láàárín rẹ̀.

Bí o bá ti wọlé sínú ímeèlì, fi páásíwọ̀ọ̀dù tí o kò lò níbòmíì rí sí i. Wá asẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nínú ètò ímeèlì náà, yọ ọ́. Lé gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ jáde. Ìgbà yẹn ni kí o tó lọ sí help.steampowered.com. Pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù, lé gbogbo ẹ̀rọ jáde níbẹ̀ náà, kí cookie tó wà lọ́wọ́ olè lè di òkú, kí o sì wo ojú ewé API key. Bí kọ́kọ́rọ́ kankan bá wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ìwọ lo gbà á, fagi lé e. Lẹ́yìn náà, rí i dájú pé Steam Guard, ìyẹn ohun tó ń fún ọ ní kóòdù ààbò Steam, wà lórí fóònù rẹ.

Ní ti kọ̀ǹpútà, bí o bá ti fi cheat tàbí géèmù ọ̀fẹ́ kankan síbẹ̀, èmi kì í fọkàn tán kí antivirus sọ pé ó ti mọ́. Kó fáìlì ilé ìwé rẹ sápá kan, kí o tún fi Windows sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Bí o bá fò ó, o máa tún kọ̀wé sí mi.

Nọ́ńbà tí mo fi ṣí ímeèlì náà ńkọ́? Mi ò lò ó mọ́ láti ìgbà tí fóònù mi sọnù.

Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù ní Nàìjíríà níbí. Lábẹ́ ìlànà NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, síìmù tí kò bá ṣe ohunkóhun tó mówó wọlé fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè pa á. Bí oṣù mẹ́fà míì bá tún kọjá lórí ìyẹn, nọ́ńbà náà lè di ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá rà á kò tilẹ̀ ní láti jẹ́ olè. Kóòdù rẹ á kàn máa bọ́ sórí fóònù rẹ̀ ni. Mú NIN rẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ni síìmù náà lọ́la, kí wọ́n bá ọ ṣe "welcome back", ìyẹn síìmù tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà àtijọ́, bí nọ́ńbà náà bá ṣì jẹ́ tìrẹ. Bí ó bá ti lọ, yọ ọ́ kúrò lórí gbogbo àkáǹtì tó wà.

Báwo ni Steam ṣe máa mọ̀ pé èmi ni mo ni ín? Olè náà lè ní tòun ni.

Olè lè pààrọ̀ ohun gbogbo láti òní lọ, kò lè pààrọ̀ àná. Ẹ̀rí àná ni kí o kó jọ: ímeèlì tí o fi ṣí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, rìsíìtì ohun tí o rà, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn káàdì báǹkì tí o fi sanwó, kóòdù géèmù tàbí ti káàdì Steam tí o rà. Tí ó bá jẹ́ Fortnite ni, Epic Games tó ni ín á fẹ́ mọ nọ́ńbà rìsíìtì, orúkọ tí o kọ́kọ́ ń jẹ́ níbẹ̀ àti ìgbà tí o ṣí i. Kọ lẹ́tà kan ṣoṣo tó ṣe ṣókí, má kọ mẹ́wàá.

Àwa tí a ń ra káàdì lọ́wọ́ òǹtajà lórí WhatsApp la ń jìyà jù níbi yìí, torí a ti pa kóòdù rẹ́. Lọ wo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rẹ àtijọ́ pẹ̀lú òǹtajà náà, ó lè ṣì wà níbẹ̀. Ti géèmù orí fóònù, àwọn tó wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò láìso ó mọ́ ímeèlì kankan kò ní ohun tí wọ́n máa fi jẹ́rìí ju nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn nínú géèmù (player ID) lọ. Kọ tìrẹ sínú ìwé.

Ẹnì kan lórí Instagram ní òun lè gbà á padà fún mi ní ₦20,000.

Má san kọ́bọ̀. Àárín àwọn tó ń ké pé wọ́n jí àkáǹtì àwọn ni wọ́n ti ń wá ẹran ọdẹ wọn. Bí o bá san ogún, á tún ku mẹ́wàá fún "sáfà". Àwọn tó ni géèmù nìkan ló lè dá a padà, wọn kì í sì í gba owó.

Àwọn ọ̀ṣọ́ ìbọn mi ńkọ́, ṣé wọ́n máa dá wọn padà?

Ìlànà Steam láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé ohun tó bá ti kúrò nínú àkáǹtì, àwọn kò ní dá a padà. Àmọ́ láti oṣù keje ọdún 2025, ohun Counter-Strike 2 tí a bá fi ṣe pàṣípààrọ̀ máa ń wà lábẹ́ ààbò fún ọjọ́ méje, o sì lè yí gbogbo pàṣípààrọ̀ ọjọ́ méje náà padà fúnra rẹ. O ní alẹ́ àná ló ṣẹlẹ̀. Ṣe é lónìí, lẹ́yìn tí ímeèlì bá ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ.

Mo tún ní àkáǹtì Call of Duty Mobile kan tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan. Òun náà ti gbà á padà.

Ìyẹn kò ní àtúnṣe, mo sì kẹ́dùn. Ẹni tó ta á fún ọ ló ní ẹ̀rí àná tí mo ń sọ, bí o bá sì fẹjọ́ sùn, o jẹ́wọ́ pé o ra ohun tí òfin géèmù kò gbà. Má rà á mọ́.

Ṣé kí n lọ bá ọlọ́pàá?

Bí wọ́n bá fọwọ́ kan káàdì báǹkì rẹ, báǹkì ni kí o kọ́kọ́ pè, kí wọ́n dí káàdì náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì wà, NPF-NCCC, òfin Cybercrimes ọdún 2015 sì ka wíwọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Tọ́jú àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ tí olè bá ọ sọ.

Àbúrò mi, ọmọ ọdún 11, ń gbá Roblox lórí kọ̀ǹpútà yẹn kan náà. Kí ni kí n sọ fún un?

Sọ fún un pé kò sí Robux, owó inú Roblox, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó da ọ̀rọ̀ gígùn kan kọ láti inú bùráúsà, kó sì fi ránṣẹ́, cookie rẹ̀ ni wọ́n ń tọrọ. Roblox tilẹ̀ kọ ìkìlọ̀ sínú cookie náà fúnra rẹ̀ pé kí èèyàn má fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti gbà á, ọgbọ̀n ọjọ́ ni Roblox fi sílẹ̀ láti kọ̀wé sí wọn nípa ohun tó sọnù. Kí o sì fọkàn rẹ̀ balẹ̀ ṣáájú pé kò ní jẹgba. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù pàṣán á fi í pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ méje ti Google á sì ti pé kí o tó gbọ́. Jẹ́ kó mọ̀ pé òun lè jí ọ lóru.