Sisig: báwo ni orúkọ èso kíkan ṣe di orúkọ orí ẹlẹ́dẹ̀?

Nílé oúnjẹ àwọn ará Filipínì, etí ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé sisig ń bọ̀. Orí àwo irin tó gbóná janjan ni wọ́n ń gbé e wá, ọ̀rá á máa ta pàràpàrà, èéfín á máa rú. Ẹran orí ẹlẹ́dẹ̀ ni, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi àlùbọ́sà, ata àti omi ọsàn kíkan sí. Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú ni pé ìwé àtijọ́ tó dárúkọ sisig kò mẹ́nu kan ẹlẹ́dẹ̀ rárá.

Kí wá ni ìwé náà sọ?

Ní ọdún 1732, Diego Bergaño, àlùfáà ará Sípéènì nínú ẹgbẹ́ Augustine, ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Kapampangan. Èdè àwọn ará Pampanga nìyẹn, ìpínlẹ̀ kan ní àríwá Manila, olú ìlú Filipínì, ní erékùṣù Luzon. Bó ṣe túmọ̀ sisig ni pé ó jẹ́ èso tútù, bí ìbẹ́pẹ tàbí gúáfà tí kò tíì pọ́n, tí wọ́n ń fi iyọ̀, ata, aáyù àti ọtí kíkan jẹ. Nǹkan kíkan ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà pè. Ẹ jẹ́ ká fi kíkan yìí sọ́kàn, nítorí ohun gbogbo yóò yí pa dà nínú oúnjẹ yìí, àfi òun.

Ṣé àwọn ará Sípéènì ló mú un wá ni?

Rárá o. Àwọn oúnjẹ Filipínì kan ń jẹ́ orúkọ Sípéènì lóòótọ́, adobo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ará Pampanga ni Bergaño ti gbọ́ sisig.

Ta ló ń jẹ èso kíkan bẹ́ẹ̀?

Aboyún tí ẹnu rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan kíkan, àti ẹni tó mutí yó lálẹ́ àná tí orí ń fọ́ láàárọ̀. Àwọn aboyún yìí ló dà bí afárá tí ẹran gbà wọlé. Nígbà tó yá, wọ́n ń bọ etí ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń gé e sínú ọtí kíkan àti àlùbọ́sà fún wọn, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kerekere inú etí náà yóò mú kí egungun ọmọ inú wọn le. Títutù ni wọ́n ń jẹ ẹ́ nígbà náà. Kò sí yíyan lórí iná, kò sí àwo irin.

Iná wá ti wọ̀ ọ́ báwo?

Angeles ni ká lọ, ìlú kan ní Pampanga. Ẹ̀gbẹ́ ìlú yìí gan-an ni àwọn ọmọ ogun òfúrufú Amẹ́ríkà ní ibùdó ńlá tí wọ́n ń pè ní Clark, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 1991 tí òkè Pinatubo bú gbàmù. Ohun tí àwọn ará Angeles ń sọ ni pé àwọn tó ń se oúnjẹ ní Clark kì í lo orí ẹlẹ́dẹ̀. Itan, ẹ̀yìn àti ìhà ni àwọn Amẹ́ríkà ń jẹ. Orí wá di ohun tí èèyàn lè rà ní owó pọ́ọ́kú, tàbí kó tilẹ̀ rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti jẹ orí ewúrẹ́ rí kò ní bèèrè ìdí tí wọn kò fi jẹ́ kó ṣòfò.

Lára àwọn tó ń lo orí yìí ni Lucia Cunanan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Aling Lucing. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún obìnrin àgbà ni "Aling", bí àwa ṣe ń sọ pé Ìyá Lágbájá. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin rélùwéè ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, ó ń yan ẹran tà. Ìtàn tí wọ́n máa ń pa ni pé lọ́jọ́ kan, etí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń yan jóná díẹ̀. Dípò kó dà á nù, ó gé e wẹ́wẹ́, ó da àlùbọ́sà àti ọtí kíkan sí i. Bó bá jóná ni o, bí kò sì jóná, nǹkan bí àárín ọdún 1974 ni sisig tirẹ̀ ti gbòde: etí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀dọ̀ adìyẹ, àlùbọ́sà, ọtí kíkan, àti kalamansi, ọsàn kékeré kan tó kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ lẹ́nu tèmi. Ó kú ní ọdún 2008, ilé oúnjẹ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà ní Angeles.

Ṣé òun nìkan ló dá a sílẹ̀?

Kò jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Àwọn mìíràn ní Angeles náà ń du ipò ẹni tó kọ́kọ́ gbé e sórí àwo gbígbóná. Oúnjẹ ọjà kì í sábà ní bàbá kan ṣoṣo.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sè é lẹ́ẹ̀mẹta?

Nítorí pé orí le. Wọ́n á kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ kí awọ àti kerekere lè rọ̀. Wọ́n á yan án lórí èédú kí ọ̀rá lè kán dànù, kí awọ sì ta kóró. Wọ́n á wá gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á pò ó pọ̀ mọ́ àwọn èròjà yòókù, ó di orí àwo irin. Àwo yẹn kì í ṣe fún ariwo nìkan: ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tètè máa ń dì tó bá tutù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń fi sisig mu bíà kì í tètè dìde. Kalamansi ni wọ́n ń fún sí i kẹ́yìn, kó lè gé ọ̀rá náà lẹ́nu.

Mo rí èyí tí wọ́n fọ́ ẹyin sí, tó sì funfun. Ṣé sisig ni?

Ìjà wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ sí i kó lè rọ̀ lẹ́nu. Nígbà tó tàn dé Manila àti àwọn ìlú mìíràn, mayonnaise gba ipò ọpọlọ, ẹyin tútù sì dé orí rẹ̀. Inú àwọn ará Pampanga kì í dùn sí i. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Angeles ṣe òfin tó kéde sisig ẹlẹ́dẹ̀ orí àwo gbígbóná, "sisig babi" lédè wọn, gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà ìlú, kí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sè é má bàa parun. Tèmi ni pé ẹyin kò ba nǹkan jẹ́, ṣùgbọ́n mayonnaise máa ń bo kíkan náà mọ́lẹ̀, kíkan yẹn gan-an ló sì ni orúkọ.

Èmi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́?

Wọ́n ń fi adìyẹ ṣe é, wọ́n ń fi ẹja tuna àti ẹja tí wọ́n ń pè ní bangus ṣe é, wọ́n tilẹ̀ ń fi tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà, ṣe é. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé sisig tí kò ní ẹran kì í ṣe sisig, ẹ bi í léèrè irú ẹran tó wà nínú ti ọdún 1732.