Wọn kì í fi ìwádìí kó HIV ran èèyàn o

Nínú dánfó láti Ojúẹlẹ́gba sí Yábà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní "má dá wọn lóhùn o, ìwádìí oògùn HIV tí wọ́n ń pariwo yẹn, ṣe ni wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ kó o ràn ẹ́, wọ́n á wá gbé ẹ̀jẹ̀ ẹ lọ tà lókè òkun." Gbogbo ọkọ̀ ló gbè é lẹ́yìn. Ó dùn mí gan-an.

Mi ò ní sọ pé ìbẹ̀rù yẹn ò nídìí. Lọ́dún 1996 ní Kánò, nígbà tí meningitis ń pa àwọn ọmọdé, ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer dán oògùn Trovan wò, ọmọ 11 ló kú nínú ìdánwò yẹn, àwọn òbí sì ní àwọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ta ló máa gbàgbé ìyẹn?

Ṣùgbọ́n ìwádìí oògùn HIV kì í fi kòkòrò HIV sí èèyàn lára. Ẹ wo èyí tí wọ́n ṣe ní South Africa àti Uganda lórí lenacapavir, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún kéèyàn má bàa kó HIV: àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó lé ní 5,300 ló wọ̀ ọ́, ayé tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé lọ, àwọn kan ń gba abẹ́rẹ́, àwọn yòókù ń lo oògùn oníhóró. Nígbà tí èsì jáde ní 2024, nínú 2,134 tó gba abẹ́rẹ́, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó o.

Àwọn míì á ní ṣé wọn ò lè ṣe é lára àwọn òyìnbó kí wọ́n wá kó oògùn ẹ̀ fún wa ni. HIV ò rí bákan náà níbi gbogbo. Tàwọn òyìnbó, tí wọ́n ti ń wádìí látọjọ́ pípẹ́, ẹ̀yà HIV tí wọ́n ń pè ní subtype B ló pọ̀ jù níbẹ̀, tiwa ní Nàìjíríà, ẹ̀yà subtype G àti CRF02_AG ló pọ̀ jù. HIV-2, irú HIV kejì, sì wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wa níbí, oògùn HIV bíi nevirapine àti efavirenz ò ṣiṣẹ́ lára ẹ̀ rárá. Ara náà yàtọ̀: àwọn tí efavirenz máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ láàrin wa ju láàrin àwọn òyìnbó lọ, òòyì á máa kọ́ wọn. Dolutegravir, oògùn HIV táa ń lò báyìí ńkọ́? Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Johannesburg àti Yaoundé ló fi hàn gbangba ní 2019 pé ó ń mú kéèyàn sanra, pàápàá àwọn obìnrin.

Àǹtí mi kan wà nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ níbí l'Ékòó, òun ló ní kí n kọ ọ́. Èmi ni mo sìn ín lọ. Nọ́ọ̀sì ka fọ́ọ̀mù yẹn fún un ní Yorùbá látòkè délẹ̀, nígbà tó dé ibi tó ní "ẹ lè kúrò nígbàkigbà, kò ní dí oògùn yín lọ́wọ́", àǹtí ní kó tún un kà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó tẹ̀ka, èmi sáìnì gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ò ju ṣíbí tíì kan lọ, inú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdérí ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, nọ́ńbà ló wà lára ẹ̀, kò sí orúkọ.

Nígbà táa padà lọ, ó bi nọ́ọ̀sì pé "ẹ̀jẹ̀ mi ọjọ́sí ńkọ́, kí lẹ rí?" Nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì, ó ní "Màmá, kòkòrò yẹn ti kéré débi pé ẹ̀rọ ò rí i mọ́." Àǹtí ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun. Bébà yẹn ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì ẹ̀.