Etí Tí Kò Mọ Ọ̀rọ̀ Orin: Bí Àbọ̀ Olùgbọ́ Ṣe Ń Tún Mix Àkọ́kọ́ Ṣe

Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orin hip-hop tí èèyàn kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe nínú yàrá, olórin fúnra rẹ̀ á ti gbọ́ ọ débi tó fi sú u. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀, òun ló rap rẹ̀ sórí bíìtì, òun náà ló gé e tó sì tò ó. Nígbà tó bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í mix rẹ̀, ìyẹn kó máa po àwọn ìró inú rẹ̀ pọ̀, ìrántí ló kù tó fi ń gbọ́ ọ. Bí báàsì bá bo gbólóhùn kan mọ́lẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ á fi ohun tó ti mọ̀ dí ihò náà, á sì máa ṣe é bíi pé gbogbo ọ̀rọ̀ ń jáde ketekete. Ẹni tó ń yènà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé mix fún ẹlòmíràn gbọ́, àìmọ̀ olùgbọ́ náà sì ni ọjà tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mix fúnra rẹ̀ ò ṣòroó ṣàlàyé. Ohùn olórin, kick (ìlù tó ń dún gbì nísàlẹ̀), báàsì, dùùrù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló wà lórí ìlà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń mix á pinnu èyí tó máa ròkè àti èyí tó máa rẹlẹ̀, èyí tó máa wà lápá ọ̀tún, lápá òsì tàbí láàárín, èyí tó máa dún nítòsí àti èyí tó máa dún lókèèrè. Àwọn onídùndún ò lo kọ̀ǹpútà, àmọ́ wọ́n mọ òfin ibẹ̀: ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, omele ń dún lábẹ́ rẹ̀. Bí omele bá bo ìyáàlù, ẹni tí wọ́n ń kì ò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì, owó ò sì ní jáde. Nínú rap, ohùn olórin ni ìyáàlù.

Ọ̀pọ̀ orin àkọ́kọ́ ló ti ní wàhálà kí mix tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bíìtì tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ MP3 kan ṣoṣo, tí ẹni tó ṣe é ti fún pọ̀, tó sì ti gbé sókè dé góńgó kó lè wọ oníbàárà létí. Ẹni tó bá fẹ́ rap lé e á máa gbé ohùn ara rẹ̀ sókè, á tún gbé e sókè, títí iná pupa á fi tàn lójú mítà tí ohùn á sì máa ya. Olùgbọ́ á ní, "Ó ń pariwo, síbẹ̀ mi ò gbọ́ ohun tí ò ń sọ." Kí wọ́n rọ bíìtì náà sílẹ̀ ní nǹkan bí 6 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ìró ṣe ròkè tó) kí ohùn tó wọlé, ìjà náà á ti dín kù kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.

Yàrá pẹ̀lú ń parọ́. Ìró ń rìn tó nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú yàrá tí ògiri méjì rẹ̀ fi mítà 3 jìnnà síra, báàsì tó wà ní nǹkan bí 57 Hz (ìyẹn ìgbà 57 tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) á máa lọ, á máa bọ̀ láàárín ògiri méjèèjì, á sì gbára jọ: ẹ̀gbẹ́ ògiri á kún fún un, àárín yàrá á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Àdúgbò yẹn gan-an ni báàsì hip-hop ń gbé, látìgbà tí àwọn olórin ti fẹ́ràn kick gígùn inú TR-808, ẹ̀rọ ìlù tí Roland ti orílẹ̀-èdè Japan ṣe láàárín 1980 sí 1983. Títí dòní, "808" ni wọ́n ń pe irú báàsì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sáàárín yàrá á rò pé báàsì òun ò tó, á fi kún un, á tún fi kún un. Ìgbà tí orin bá dénú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni gíláàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀rẹ́ tó bá figbe ta nínú ọkọ̀ yẹn ló gba òtítọ́ sọ.

Títúmọ̀ àbọ̀, ìyẹn ohun tí olùgbọ́ bá sọ, ló le jù. Olùgbọ́ kì í ṣàṣìṣe nípa ohun tó ń ni ín lára, àmọ́ oògùn tó bá dárúkọ kì í sábà jẹ́ oògùn náà. Bí aláìsàn tó wá sọ́dọ̀ oníṣègùn ló ṣe rí: inú tó ní ó ń run òun ṣeé gbà gbọ́, ewé tó ní kí wọ́n já fún òun ni kò ṣeé tẹ̀lé ní tààrà. "Gbé ohùn ẹ sókè" lè túmọ̀ sí pé ohùn kéré lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé dùùrù inú bíìtì ló dúró síbi tí ọ̀rọ̀ ti ń yé èèyàn jù, láàárín 1,000 sí 4,000 Hz. Bí wọ́n bá fi EQ, irinṣẹ́ tó ń gbé apá kan ìró sókè tàbí tó ń rọ̀ ọ́ sílẹ̀, gé díẹ̀ kúrò lára dùùrù níbẹ̀, ohùn á yọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

"Ó dà bíi pé inú balùwẹ̀ lo wà": reverb, ìyẹn gbohùngbohùn tí wọ́n fi kún ohùn, ti pọ̀ jù, tàbí kó jẹ́ pé ògiri yàrá tí wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀ ni kò ní nǹkan lára. Ti àkọ́kọ́ ṣeé dín kù. Ìkejì ti wọnú ohùn lọ, àfi kí wọ́n wá ibi tí aṣọ pọ̀ sí, kí wọ́n tún un gbà. Ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù tó kún fún aṣọ, lójú tèmi, sàn ju ọ̀pọ̀ fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà lọ. "Ó ń gún mi létí" sábà máa ń jẹ́ ìró s àti ṣ, láàárín 5,000 sí 8,000 Hz. Ẹni tó bá wulẹ̀ ní "kò dùn" ò tíì jábọ̀; kí wọ́n bi í pé ibo ló ti kọ́kọ́ wù ú láti pa orin náà.

Torí bí ìbéèrè bá ṣe rí ni èsì máa ń rí. "Báwo lo ṣe gbọ́ ọ sí?" á mú "Ó le gan-an, bọ̀ọ̀dá mi" wá, inú á dùn, mix ò sì ní kúrò lójú kan. Ìdánwò tó mú jù tí mo mọ̀ ni kí olùgbọ́ tẹ́tí lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì kọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Ibi tó bá fò tàbí tó kọ sódì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí. Ẹni tó ń rap ní Yorùbá tún nílò ìdánwò yìí ju ẹlòmíràn lọ. Auto-Tune, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn orin ṣe, tó jáde ní 1997, máa ń fa ohùn lọ sórí nóòtì tó bá sún mọ́ ọn jù. Bí wọ́n bá yí i le jù lórí ègbè, ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ lè bọ́ sórí nóòtì kan náà. Olórin ò ní fura, ó mọ èyí tó ní lọ́kàn. Olùgbọ́ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé omidan kan ń fi ààwẹ̀ gbàdúrà kí Ọlọ́run fún òun ní ọkọ́.

Fáìlì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ náà lè ba àbọ̀ jẹ́. Orin tí wọ́n gba spíkà kà sínú ohùn WhatsApp ti sọ báàsì àti ìró òkè nù kó tó dé etí olùgbọ́. Kí wọ́n fi WAV, fáìlì tí wọn ò fún ìró inú rẹ̀ pọ̀, ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document. Bó bá sì jẹ́ mix méjì ni wọ́n fẹ́ kó fi wéra, kí méjèèjì ga bákan náà, torí èyí tó bá fi díẹ̀ ròkè ni etí máa ń yàn, bó dáa, bí kò dáa. Èyí ló mú kí fífún orin pọ̀ kó lè pariwo jẹ́ iṣẹ́ òfo: Spotify, ìkànnì tí wọ́n ti ń gbọ́ orin, máa ń mú orin wá sí nǹkan bí -14 LUFS (LUFS ni wọ́n fi ń wọn bí orin ṣe ń pariwo tó létí), yóò rọ orin aláriwo sílẹ̀, ẹ̀mí tí wọ́n ti fún jáde lára rẹ̀ ò sì ní padà.

Àbọ̀ méjì lè kọlu ara wọn kí méjèèjì sì tọ́. Ẹnìkan nínú ọkọ̀ á ní báàsì ti pọ̀ jù, ẹni tó fi fóònù gbọ́ ọ á ní òun ò gbọ́ báàsì kankan. Spíkà kékeré inú fóònù ò lè gbé 50 Hz jáde, béèyàn tilẹ̀ gbé e sókè dé ojú ọ̀run. Ohun tó ń yanjú èyí ni kí wọ́n bu saturation díẹ̀, ìyẹn yíya ohùn díẹ̀ ní àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, sí 808 náà. Ìyẹn á bí àwọn ìró ọmọ sókè rẹ̀, ní 100, 150, 200 Hz sókè. Ọpọlọ olùgbọ́ á tò wọ́n pọ̀, á sì gbọ́ ìyá wọn tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n á wá lè rọ báàsì gan-an sílẹ̀ fún onímọ́tò láìfi nǹkan kan du oní-fóònù. Nǹkan tí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ lè jẹ́ ìfẹ́ inú rẹ̀ lásán. Bí ẹni mẹ́ta tí kò mọra bá tọ́ka sí ìṣẹ́jú kan náà, àtúnṣe ti di dandan.

Àtúnṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀sùn kan, àyípadà kan, fáìlì tuntun tó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kí wọ́n sì rọ orin sílẹ̀ wẹ́rẹ́ báyìí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Láti 1933 tí àwọn onímọ̀ ìró méjì, Fletcher àti Munson, ti wọn bí etí èèyàn ṣe ń gbọ́ràn ni a ti mọ̀ pé báàsì máa ń sá lọ nígbà tí ìró bá rẹlẹ̀, nítorí náà báàsì tó bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà náà ti tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún gbé e jáde fún àbọ̀. Àwọn olùgbọ́ àkọ́kọ́ á lè sọ bóyá ẹ̀sùn tiwọn ti kúrò níbẹ̀, àmọ́ wọn ò wúlò fún ìdánwò ọ̀rọ̀ kíkọ mọ́, torí wọ́n ti ń kọ ègbè náà lẹ́nu. Olùgbọ́ mìíràn ni wọ́n máa wá fún ìyẹn.