Akápá: ìdí tí mànàmáná fi ń ṣá Gyarados balẹ̀ tí kò sì ran Garchomp

Nínú géèmù Pokémon, àwọn ẹ̀dá bíi Charizard, Gyarados àti Garchomp ló ń bá ara wọn jà, ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀yà kan tàbí méjì: iná, omi, ewéko, òkúta àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yà tí ìkọlù rẹ̀ máa ń ṣe ẹ̀dá kan lọ́ṣẹ́ jù ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní weakness rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pè é ní "àìlera". Ibi gbogbo ni mo ti ń rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ nípa géèmù Pokémon ní Yorùbá: "òkúta ni àìlera Charizard", "mànàmáná ni àìlera omi". Ẹni tí ara rẹ̀ ò le ni à ń sọ pé ó ní àìlera. Ẹ̀yà iná ni Charizard, ara rẹ̀ sì le kókó. Ẹ gbé e síwájú ẹ̀yà ewéko, ẹ ó rí bí yóò ṣe jó o ráúráú. Ìgbà tí ẹ̀yà òkúta bá kò ó lójú ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Charizard kan náà ni. Ẹni tó kò ó lójú ló yí padà.

Akápá ni mo ń pè é. Gbogbo wa la ní ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu láti kékeré: apá àwọn òbí rẹ̀ ò ká a mọ́, ọlọ́pàá kápá olè, iṣẹ́ náà kápá mi. Ohun tí apá rẹ̀ bá ká ọ ni akápá rẹ. Omi ni akápá iná, iná ni akápá ewéko, ewéko ni akápá omi. Ohun tó jẹ́ kí n dúró lé e ni pé ẹnì kan ò lè dá ní akápá. Ó di dandan kí ẹlòmíì wà tó ń ká a. "Àìlera" ti pa ẹnì kejì yẹn rẹ́, ẹnì kejì yẹn sì ni gbogbo eré náà.

Àwọn kan tún gbé "èèwọ̀" wá, wọ́n ní ó bá àṣà mu, nítorí èèwọ̀ a máa bá ìdílé lọ. Mo gbọ́ wọn, mi ò sì gbà. Èèwọ̀ ni ohun tí wọ́n ní kí èmi fúnra mi má ṣe, kí n má fi ẹnu kàn. Kò sẹ́ni tó ka òkúta léèwọ̀ fún Charizard. Alátakò ló sọ ọ́ lù ú. Ní ti "wíkínẹ̀ẹ̀sì", kò sí ìdí láti lọ tọrọ nígbà tí kápá wà nílé.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ bu gàrí Ìjẹ̀bú sínú abọ́, kí ẹ da ife omi tútù kan lé e. Yóò wà bẹ́ẹ̀, ó ṣì kan, ó ṣì ń ró kàràkàrà lẹ́nu. Ẹ da ife kan náà sórí òmíràn, ṣùgbọ́n kí omi náà ti hó: kí ẹ tó na ọwọ́ mú ọmọrogùn, ó ti wú, ẹ̀bà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá da á sórí gàrí tó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu, hóró kan ò ní rin. Ife kan ni omi náà lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nínú géèmù, ìṣirò ni wọ́n fi ń ṣe é. Agbára Thunderbolt, ìkọlù mànàmáná kan, jẹ́ 90. Bó bá bá ẹ̀yà tí mànàmáná kápá, ó di 180. Bó bá bá ewéko, 45. Bó bá bá ẹ̀yà ilẹ̀, òdo. Omi ni Gyarados, ó tún jẹ́ ẹ̀yà tó ń fò, mànàmáná sì kápá méjèèjì: ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn, 360. Ti ìdajì tí wọ́n ń fi kún ìkọlù tó bá bá ẹ̀yà ẹni tó ń jà mu, mi ò kà á mọ́ ọn.

Àwọn tó ṣe géèmù náà ló ń pín akápá, wọ́n sì ti ṣì í pín rí. Nígbà tó jáde ní Japan ní 1996, ẹ̀yà 15 ló wà. Ẹ̀yà tó ń fi iyè inú jà wá di ọba lé gbogbo wọn lórí: ìkọlù àwọn kòkòrò tó yẹ kó kápá rẹ̀ ò lágbára, àṣìṣe inú ètò sì jẹ́ kí ìkọlù ẹ̀yà òkú di òdo lára rẹ̀. Ní 1999 ni wọ́n mú òkùnkùn àti irin wọlé, tí wọ́n sì tún ti òkú ṣe. Ní 2013, iwin dé gẹ́gẹ́ bí akápá drágónì, ó sì pé 18.

Ṣùgbọ́n ẹni tó há gbogbo rẹ̀ sórí ò tíì mọ ìjà. Lásìkò ìsinmi ilé ìwé, mo dúró ti ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Ṣàgámù. Starmie ni Pokémon tó ń jà fún un, ó mọ Thunderbolt, ó mọ Ice Beam, ìkọlù yìnyín. Gyarados alátakò ló wà níwájú rẹ̀. Mo ní kó tẹ Thunderbolt. Kò tilẹ̀ wojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, kò ní fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Garchomp ló máa gbé wọlé."

Ice Beam ló tẹ̀. Lóòótọ́, alátakò fa Gyarados sẹ́yìn, ó ti Garchomp síwájú, torí ilẹ̀ ni Garchomp, mànàmáná ò lè ràn án. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àti drágónì ni, yìnyín sì kápá méjèèjì. Ó wó lulẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n ọmọ yẹn dáadáa: ká ní Gyarados dúró, yìnyín ì bá bà á ní ìwọ̀n lásán, torí pé omi ń dín in kù, ẹ̀yà tó ń fò sì ń bù ú sí i. Bí ó bá ṣì í, díẹ̀ ló pàdánù. Bí ó bá tẹ Thunderbolt tó sì ṣì í, òdo. Akápá ẹni tí alátakò fẹ́ gbé wọlé ló ń wò, kì í ṣe ti ẹni tó dúró níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń gbá Pokémon GO lórí fóònù, ẹ má gbé ìṣirò òkè yìí lọ síbẹ̀. 1.6 ni wọ́n ń lò dípò 2, 0.625 dípò ìdajì, kò sì sí òdo rárá: Thunderbolt yóò ha ẹ̀yà ilẹ̀ lára díẹ̀.