Àjẹsára ẹlẹ́dẹ̀: ara ẹran le, ṣé ọ̀nà àrùn dí?

Ẹlẹ́dẹ̀ tó gba àjẹsára lè máa jẹun dáadáa, kí fáírọ́ọ̀sì sì máa bá itọ́ àti ikun imú rẹ̀ jáde. Àjẹsára tó ń gba ẹran lọ́wọ́ ikú kì í fi gbogbo ìgbà dá ìtànkálẹ̀ dúró.

Láti mọ̀, wọ́n máa ń kó ẹlẹ́dẹ̀ alájẹsára sínú yàrá kan, wọ́n á kó àrùn ran ìdajì, wọ́n á wá ka iye tó mú nínú ìdajì tó kù. Bí ẹlẹ́dẹ̀ kan, ní ìpíndọ́gba, kò bá kó o ran tó ẹyọ kan, àrùn á kú fúnra rẹ̀. Ká ní láìsí àjẹsára, ẹyọ kan ń kó o ran 10: nínú mẹ́wàá yẹn, ara 9 ó kéré tán gbọ́dọ̀ le. Ẹni tó fún ìdajì agbo ní abẹ́rẹ́ nítorí owó kò tíì dí ọ̀nà kankan.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ọwọ́ ẹni tó ń lò ó. Láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni àjẹsára ń gbé. Láti Mọ́kọ́lá dé Mọ́níyà ní Ìbàdàn, nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, kúlà oníyìnyín ló yẹ kó gbé e, ṣùgbọ́n kí ìgò má fara kan yìnyín, torí bí àjẹsára olóròóró bá dì, ó ti bàjẹ́. Bí iná bá lọ mọ́jú, ẹ wo ìwọ̀n inú fíríìjì kí ẹ tó fa abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ kúkúrú lára abo àgbà ń dà á sínú ọ̀rá, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀. Èyí tó gùn tó ínṣì kan àbọ̀ ló ń dé inú ẹran ọrùn, lẹ́yìn etí. Ọmọ tó kéré jù náà kì í jẹ àǹfààní rẹ̀, nítorí ààbò tó mu nínú wàrà àkọ́kọ́ ìyá rẹ̀ á pa àjẹsára náà kó tó ṣiṣẹ́.

Ibà ẹlẹ́dẹ̀ Áfíríkà, tó ti ń pa ẹran ní Nàìjíríà láti 1997, yàtọ̀. Vietnam fọwọ́ sí títà àjẹsára aláàyè rẹ̀, èyí tó ní fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, ní 2023, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ onímọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ lè gba agbára padà. Fún agbo Ìbàdàn, ẹnu ọ̀nà ló ń dá a dúró: kí alápatà má wọ yàrá ẹran, kí a má sì fi ìyókù oúnjẹ tó ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bọ́ wọn.