Páwà sọ́pláì jó, ó gbé mọ́dábọ́ọ̀dù lọ: ta ni yóò sanwó?

Ìròyìn kan tún ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn láàárín àwa ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ń san owó káàdì kọ̀ǹpútà tí ọjà rẹ̀ bà jẹ́. Àwọn tí páwà sọ́pláì wọn (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) ti jó rí, tó sì gbé mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) lọ, ti ń fa ẹrù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n tó gun zémìjáǹ lọ bá òǹtajà ní Ouando, ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Kí ni ìròyìn náà sọ gan-an?

Kì í ṣe ìròyìn tuntun. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ni CPSC, àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà, kéde pé CableMod, ilé-iṣẹ́ tó ń ta wáyà kọ̀ǹpútà, ń pe àdápítọ̀ kan padà. Ẹnu káàdì gíráfíìkì, èyí tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ń ki àdápítọ̀ náà bọ̀, kí wáyà má baà tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nǹkan bí 25,300 ni wọ́n pè padà. Ènìyàn 272 ló ti fẹjọ́ sùn pé ó ń tú, ó ń gbóná, ó sì ń yọ́ mọ́ káàdì lára. Owó ohun tí wọ́n ní ó bà jẹ́ kò dín ní 74,500 dọ́là. Kò yani lẹ́nu: àdápítọ̀ náà kò ju ìka méjì lọ, ṣùgbọ́n irú káàdì tí wọ́n ń fi í sí, bíi RTX 4090, 1,599 dọ́là ni wọ́n fi gbé e jáde.

Ṣé gàráńtì páwà sọ́pláì mi yóò wá san owó mọ́dábọ́ọ̀dù mi?

Rárá.

Kí ló dé? Ṣebí gàráńtì ni gàráńtì ń jẹ́?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Ìlérí tí ilé-iṣẹ́ kan ṣe lórí ọjà tirẹ̀ ni gàráńtì: bó bá bà jẹ́, a ó tún un ṣe, tàbí ká fún ọ ní òmíràn, tàbí ká dá owó rẹ padà. Ìlérí náà kì í kọjá ara ọjà yẹn. Ẹ wo ìwé tó wà nínú páálí, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹyin èèrà, ẹ ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kò sanwó «dommages indirects»: nǹkan míràn tó bá ọjà náà lọ, fáìlì tó sọnù, iṣẹ́ tí ẹ kò rí ṣe.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Gigabyte, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ariwo ta lórí páwà sọ́pláì rẹ̀ méjì, P750GM àti P850GM, tí àwọn tó ń dán ọjà wò ní ó ń bú gbàù bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ lé e lórí. Ilé-iṣẹ́ náà gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí nọ́ńbà ọjà wọn bá bọ́ sáàárín èyí tó kéde. Páwà fún páwà, ó parí.

Ohun kan ló yàtọ̀. Bó bá jẹ́ odidi kọ̀ǹpútà lẹ rà, tí wọ́n tò pọ̀ láti ilé-iṣẹ́, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni gàráńtì kan náà bò. Páwà tó pa mọ́dábọ́ọ̀dù níbẹ̀, ọjà ẹni kan náà ló pa ọjà ẹni kan náà. Wàhálà wà fún ẹni tó ra páwà lọ́wọ́ lágbájá, mọ́dábọ́ọ̀dù lọ́wọ́ tàmẹ̀dò, tó wá ní kí ọmọ àdúgbò bá òun tò ó.

Báwo ni páwà ṣe ń pa ohun míràn?

Iná 220 fóòtì ló ń wọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ ọ́ di 12, 5 àti 3.3 kó tó jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Lórí ìlà 12, ohun tí wọ́n gbà kó fi yẹ̀ sókè kò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Páwà tó dára, bó bá ń kú lọ, yóò pa ara rẹ̀ kí iná tó gá kọjá ààlà. Èyí tí wọ́n ti yọ ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ nítorí kó lè pọ́ọ́kú kò mọ ìyẹn.

Ṣé n kò lè gbé mọ́dábọ́ọ̀dù náà lọ lórí gàráńtì tirẹ̀?

Ẹ dán an wò, kí ẹ sì sọ òtítọ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ní iná láti ìta ló bà á jẹ́, kò kan àwọn. Àwọn kan a máa ṣojú àánú: nígbà tí ẹnu RTX 4090 ń yọ́ ní ìparí ọdún 2022, Nvidia tó ṣe é ní kí wọ́n gba káàdì padà, wáyà yòówù kí oníbàárà ti lò. Ẹ má kàn sọ pé «mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀» nígbà tí èéfín ṣì ń rùn lára páálí.

Òfin ńkọ́?

Òfin lawọ́ ju gàráńtì lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀. Code civil tí a jogún lọ́wọ́ Faransé ló ń darí ọ̀rọ̀ títà àti rírà ní Benin. Abala 1641 ní òǹtajà ni yóò dáhùn fún àléébù tó fara pa mọ́ nínú ohun tó tà. Ṣùgbọ́n abala 1645 àti 1646 ni owó mọ́dábọ́ọ̀dù wà. Bí òǹtajà bá mọ̀ nípa àléébù náà, yóò dá owó padà, yóò sì tún san gbogbo ohun tí ọjà náà bà jẹ́. Bí kò bá mọ̀, owó ọjà àti ìnáwó tó bá rírà rẹ̀ rìn nìkan ni yóò san.

Ta ni yóò wá jẹ́wọ́ pé òun mọ̀? Àwọn adájọ́ Faransé ti dáhùn èyí tipẹ́: ẹni tó fi títà irú ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́, bí ẹni tó mọ̀ ni wọ́n ń mú un. Adájọ́ Àjàṣẹ́ kò sí lábẹ́ adájọ́ Paris, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tó bá mọṣẹ́ kò ní ṣàì mú un dé iwájú rẹ̀. Benin sì tún ní òfin ààbò oníbàárà tirẹ̀, òfin 2007-21 ti ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2007.

Ohun méjì ló ń pa irú ẹjọ́ yìí. Èkíní ni ìfàsẹ́yìn, torí òfin ní kí ẹni tó bá rí àléébù tètè ké. Èkejì ni àìlẹ́rìí, torí ẹni tó ń bèèrè ni yóò fi ẹ̀rí hàn.

N kò ní kí ẹ fa ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù o. Owó agbẹjọ́rò àti ti huissier (òṣìṣẹ́ tó ń jíṣẹ́ kóòtù) lè ju owó mọ́dábọ́ọ̀dù lọ. Ṣùgbọ́n òǹtajà tó bá gbọ́ «1645» lẹ́nu oníbàárà a máa fa àga fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi ló rà á fún mi ní Paris.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn. Europe ní òfin kan láti ọdún 1985 tó ṣe òdìkejì gàráńtì gan-an: kì í san owó ọjà tó ní àléébù, ohun tí ọjà náà bà jẹ́ ló ń san. Ọrùn ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tàbí ẹni tó kó o wọ Europe, ló sì gbé e kọ́. Ohun tó bà jẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìlò ara ẹni, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbọ́dọ̀ ju 500 yúrò lọ, ìyẹn nǹkan bí 328,000 fráǹkì CFA. Mọ́dábọ́ọ̀dù nìkan kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Bí káàdì gíráfíìkì bá bá a lọ, ó lè tó. Òfin tuntun, 2024/2853, ti yọ ààlà 500 náà kúrò, ó sì ka fáìlì tó bà jẹ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọjà tó bá jáde lẹ́yìn ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 2026 nìkan ló kàn.

Ẹ̀gbọ́n yín tí orúkọ rẹ̀ wà lórí facture ni kó kọ̀wé. Kí ó múra sílẹ̀: nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé Àjàṣẹ́ ló ti jó, irú iná tí ẹ fi í sí ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè.

Tòkunbọ̀ ńkọ́?

Bí wọ́n bá ti kọ «sans garantie» (kò ní gàráńtì) sórí facture, ọ̀nà ti dín. Bí kò bá sí facture rárá, ọ̀nà ti dí.

Kí ni kí n ṣe lọ́jọ́ tó bá jó?

Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má fi mọ́dábọ́ọ̀dù míràn dán páwà náà wò. Ọ̀nà tí méjì fi ń kú nìyẹn. Ẹ má ṣí páwà náà. Yàtọ̀ sí pé gàráńtì yóò bà jẹ́, àwọn kapasítọ̀ inú rẹ̀ lè di iná tó tó 400 fóòtì mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò, kì í sì í sọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ ya fọ́tò: nọ́ńbà ọjà, ojú ibi tó jó, bí wáyà ṣe wà. Lẹ́yìn náà, kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan tí kì í ṣe ọmọọṣẹ́ òǹtajà wò ó, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ pẹ̀lú déètì àti òǹtẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu «páwà ló pa á» kò níye lórí. Ohun tó níye lórí ni ìwé tó sọ pé wọ́n wọn ìlà 12, iye tó gbé wá rèé.

Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá?

Ẹni tó tà á fún yín. Ẹni tó wà ní Kétu tàbí Ṣábẹ tó rà á ní Kùtọnu, kó fi fọ́tò àti ìwé ránṣẹ́ ná, kó tó náwó mọ́tò.

Bó bá jẹ́ iná ìta ló gá lójijì?

Ẹ fi òǹtajà sílẹ̀ nígbà náà. Ẹ bi àwọn ará ilé tó múlé gbè yín bóyá nǹkan jó lọ́dọ̀ tiwọn lákòókò kan náà, ẹ kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí SBEE, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná. Régulateur tàbí onduleur gidi (ẹ̀rọ tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ iná tí kò dúró déédéé) sì wọ́n díẹ̀ ju ẹ̀bẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ jù ú lọ.

Ṣé ó lè jó ilé?

Ó lè jó o, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n pe àpótí kọ̀ǹpútà NZXT H1 padà ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 32,000, nítorí ìdè irin kan lásán tó lè kan iná tí iná fi lè sọ. Bí páwà yín bá ń rùn tàbí tó ń dún bí eṣinṣin, ẹ pa á.

Òǹtajà ti gbà láti fún mi ní páwà tuntun, ó ní kí n buwọ́ lùwé.

Ẹ kà á kí ẹ tó mú bíírò. Bó bá ní «pour solde de tout compte» (kò sí gbèsè kankan mọ́ láàárín wa) nínú, ẹ ti fẹnu ara yín pa ọ̀rọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ́. Ẹ gba páwà náà, kí ẹ ní kó fa gbólóhùn yẹn rẹ́. Bó bá kọ̀, ẹ kọ «sous réserve de la carte mère» (ọ̀rọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù ṣì wà nílẹ̀) sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ tó dá a padà fún un.